Irorẹ́: Àwọn Àmì Rẹ̀, Ìtọ́jú Rẹ̀, àti Ìpara Tí Ó Yẹ Kí A Sá Fún

Irorẹ́ wà lára àwọn àìsàn awọ ara tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn ọ̀dọ́langba ní gbogbo àgbáyé. Ó máa ń yọ nígbà tí ihò kéékèèké tí irun àti ọ̀rá ń gbà jáde lára wa bá dí. Ojú ni ó ti sábà máa ń kọ́kọ́ hàn, ṣùgbọ́n ó lè yọ ní ọrùn, ní àyà, ní èjìká àti ní ẹ̀yìn pẹ̀lú. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, kì í sì í pani. Síbẹ̀, ojú ni a kọ́kọ́ ń wò lára ènìyàn kí a tó bá a sọ̀rọ̀, àwọn àgbà sì ti wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, ohun tí àgbàlagbà lè kà sí kékeré lè mú kí ọ̀dọ́ kan máa tijú láti jókòó ní iwájú kíláàsì tàbí láti jáde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

A ṣe àlàyé yìí fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, pàápàá ní apá gúúsù: Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹmùré, Àgbàdo àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Kókó ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Irorẹ́ tí a bá tètè tọ́jú dáadáa kì í sábà ba ojú jẹ́. Ọwọ́ tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ àti ìpara tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń ba ojú jẹ́ jù.

Bí irorẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Ní ìdí ihò irun kọ̀ọ̀kan lójú wa ni àpò ọ̀rá kékeré kan wà. Iṣẹ́ ọ̀rá yìí ni láti mú kí awọ ara rọ̀, kí ó má sì gbẹ. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà, àwọn họ́mónù inú ara rẹ̀ máa ń mú kí àpò wọ̀nyí tóbi, kí wọ́n sì máa tú ọ̀rá jáde ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní àkókò kan náà, awọ tí ó ti kú nínú ihò náà lè lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí ó sì di ìdérí. Bí gọ́tà tí ewé dí ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí: omi ń wá láti òkè, kò sì rí ibi gbà jáde.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cutibacterium acnes. Ara gbogbo ènìyàn ni ó ń gbé, kì í sì í ṣe ibi nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá há mọ́ inú ihò, ó máa ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ara a sì gbógun tì í. Ìgbógun yìí ni ó ń fa pípọ́n, wíwú, ìrora àti ọyún.

Èyí fi hàn pé ìsàlẹ̀ awọ ni irorẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí ojú ni ó fà á, fífọ ojú léraléra kò sì lè hú u tegbòtegbò.

Àwọn àmì rẹ̀ ní ìpele ìpele

Irorẹ́ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ó dára kí a mọ èyí tí ó wà lójú wa, nítorí pé ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà.

1. Kókó funfun. Ó kéré, ó ga díẹ̀ lójú awọ, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ara tàbí kí ó funfun díẹ̀. Ihò rẹ̀ ti dé pátápátá. Kì í dunni.

2. Ojú dúdú. Ihò èyí ṣí sílẹ̀, ohun tí ó dí i sì ti di dúdú nítorí pé atẹ́gùn kàn án. Imú, iwájú orí àti àgbọ̀n ni ó pọ̀ sí jù. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, a kò sì lè fi kànìnkànìn ha á kúrò.

3. Irorẹ́ tí ó wú. Kókó kékeré ni, kì í sábà tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ó máa ń dunni bí a bá fọwọ́ kàn án. Lára ẹni tí ó pupa, ó máa ń pọ́n. Lára ẹni tí ó dúdú, ó lè rí bí àwọ̀ ilẹ̀ tàbí kí ó dúdú ju ara yòókù lọ.

4. Irorẹ́ ọlọ́yùn-ún. Ó jọ ti òkè yìí, ṣùgbọ́n ọyún funfun tàbí ọyún rẹ́súrẹ́sú wà ní ṣóńṣó rẹ̀.

5. Irorẹ́ jíjinlẹ̀. Èyí tóbi, ó le, ó sì wà ní ìsàlẹ̀ awọ. Ó máa ń dunni gan-an. Nígbà mìíràn omi tàbí ọyún máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì lè pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó lọ. Irú èyí ni ó sábà máa ń fi àpá tí kò ní parẹ́ sílẹ̀, dókítà ni ó sì yẹ kí ó tọ́jú rẹ̀.

Bí kókó funfun àti ojú dúdú nìkan ni ó wà, irorẹ́ náà fúyẹ́. Bí irorẹ́ tí ó wú àti ọlọ́yùn-ún bá ti pọ̀, ó ti di àárín. Bí ti jíjinlẹ̀ bá ti yọ, tàbí tí àpá bá ti ń hàn, ó ti le nìyẹn.

Bí ó ti ń rí lára awọ dúdú

Ọ̀pọ̀ àwòrán irorẹ́ tí a ń rí nínú ìwé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun. Lójú tiwa, kì í ṣe pípọ́n ni a máa ń kọ́kọ́ rí. Àbàwọ́n dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti lọ ni ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ju irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó fà á ni pé ibikíbi tí awọ dúdú bá ti wú tàbí tí ó bá ti gbọgbẹ́, ó máa ń tú èròjà àwọ̀ sí ibẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àbàwọ́n yìí kì í ṣe àpá gidi, nítorí pé ojú ibẹ̀ ń dán, kò sì jinnú. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn ó lè ju ọdún kan lọ. Oòrùn máa ń mú kí ó pẹ́ sí i. Ẹni tí ó bá ń lọ sí oko tàbí tí ó ń jókòó ti ọjà ní gbangba yóò rí àǹfààní nínú dídé akẹtẹ̀ tàbí gbígbé agboòrùn.

Àpá gidi yàtọ̀. Ó lè jinnú bí ihò, tàbí kí ó wú kí ó sì le. Àpá tí ó ń wú tí ó sì ń tóbi ju ojú egbò lọ wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, pàápàá ní àyà, ní èjìká àti ní párì.

Ta ni irorẹ́ ń yọ sí?

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 10 sí 13, a sì máa le sí i bí ọmọ ti ń dàgbà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní ìlú Kàdúná, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2009, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ni ó ní irorẹ́, bó ti wù kí ó kéré mọ. Ní ti ọ̀pọ̀lọpọ̀, ó máa ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 25. Àwọn kan wà tí tiwọn kì í tètè lọ, pàápàá àwọn obìnrin, tí ó máa ń yọ sí wọn ní àgbọ̀n àti párì bí nǹkan oṣù bá ti ń súnmọ́.

Ìdílé ní ọwọ́ nínú rẹ̀: ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní irorẹ́ líle lè ní irú rẹ̀. Àwọn oògùn kan náà lè fà á, bí àpẹẹrẹ isoniazid tí a ń lò fún ikọ́ ife àti phenytoin tí a ń lò fún wárápá. Ẹni tí ó bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí irorẹ́. Dókítà rẹ̀ ni kí ó sọ fún. Obìnrin tí irorẹ́ rẹ̀ le, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé, tí irun sì ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, ní láti lọ fún àyẹ̀wò họ́mónù.

Àwọn ohun tí a sábà máa ń gbọ́

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dọ̀tí.” Irorẹ́ kò ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, àgbo tàbí oògùn ìyàgbẹ́ kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò.

“Ẹ̀pà ni ó ń jẹ jù.” Kò sí ẹ̀rí tí ó dájú pé ẹ̀pà ń fa irorẹ́. Èyí tí ìwádìí fi hàn ni pé oúnjẹ tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àti wàrà màlúù, lè mú kí irorẹ́ àwọn kan le sí i.

“Ọkọ tàbí aya ni ara rẹ̀ ń fẹ́.” Irọ́ ni èyí. Họ́mónù ìbàlágà ni ó ń ṣiṣẹ́, ìbálòpọ̀ kò sì lè wo irorẹ́. Ẹni tí ó bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí tan ọmọdé ń wá ọ̀nà láti ṣe é níkà ni.

“Fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á.” Omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń ta awọ ara. Bí oòrùn bá pa ibi tí ó kàn, ibẹ̀ lè jó kí ó sì dúdú gan-an. Ọṣẹ ìfọyín, iyọ̀ àti omi bátìrì náà kò yẹ ní ojú ènìyàn.

“Ọṣẹ dúdú nìkan ti tó.” Ọṣẹ dúdú wa máa ń fọ ọ̀rá kúrò dáadáa, ṣùgbọ́n eérú inú rẹ̀ lè mú kí ó le jù fún ojú. Bí ojú bá ń gbẹ tàbí tí ó ń ta yín lẹ́yìn tí ẹ lò ó, ẹ wá ọṣẹ tí ó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irorẹ́ tí ìpara ń fà

Ibí ni ewu tí ó pọ̀ jù lọ wà. Nínú ọjà àti ní àwọn kẹ́mísìtì, ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń tà fún irorẹ́, fún làpálàpá tàbí fún mímú ojú mọ́lẹ̀ ni sítẹ́rọ́ìdì líle wà nínú wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n rọ sínú ike lásán láìkọ ohunkóhun sí i lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé 77 nínú 100 obìnrin Nàìjíríà ni ó ń lo ohun tí ń bó ara, àti 59 nínú 100 ní Tógò. Bíbóra àti irorẹ́ ti wá di ọ̀rọ̀ kan náà ní ilé púpọ̀: àbàwọ́n irorẹ́ ni a fẹ́ mú kúrò, ìpara abóra ni a rà.

Ohun tí ó jẹ́ kí sítẹ́rọ́ìdì tan ènìyàn jẹ ni pé ó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wíwú á rọlẹ̀, ojú á sì máa dán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, irorẹ́ mìíràn á tú jáde. Àwọn àmì tí a lè fi dá a mọ̀ nìyí:

– gbogbo kókó náà máa ń dọ́gba ní títóbi, wọ́n sì máa ń yọ lẹ́ẹ̀kan náà;
– kókó funfun àti ojú dúdú kì í sábà sí láàárín wọn;
– awọ ojú á fẹ́lẹ́, a ó sì máa rí iṣan ẹ̀jẹ̀ wínníwínní lábẹ́ rẹ̀;
– ojú á máa jó bí oòrùn bá pa á;
– irun lè máa hù níbi tí kò ti hù rí;
– bí a bá dá ìpara náà dúró, gbogbo rẹ̀ á le sí i fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rù á sì mú kí ènìyàn padà sí ìdí rẹ̀.

Nítorí ìdí tí a sọ gbẹ̀yìn yìí, kí ẹni tí ó ti lò ó pẹ́ má ṣe dá a dúró lójijì ní òun nìkan. Kí ó gbé ike rẹ̀ dání lọ bá dókítà, kí wọ́n lè bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí a bá lo sítẹ́rọ́ìdì líle sí ara tí ó pọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ó lè fa ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì lè mú kí ojú egbò pẹ́ kí ó tó san.

Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó ra ìpara. Bí ẹ bá rí clobetasol, betamethasone, dexamethasone, fluocinonide tàbí mometasone níbẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì ni. Kò yẹ fún irorẹ́. Bí ẹ bá rí mercury tàbí calomel, májèlé tí ń ba kíndìnrín jẹ́ ni, ó sì lè dé ara ọmọ inú oyún. Hydroquinone tí a lò fún ọjọ́ pípẹ́ lè sọ ojú di dúdú bí ẹni tí a rẹ sínú aró, èyí sì ṣòro láti tọ́jú. Ìpara tí kò ní orúkọ èròjà inú rẹ̀, tí kò sì ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má ṣe rà á.

Àwọn ohun tí ó jọ irorẹ́

Kókó ẹ̀yìn ọrùn àti ti àgbọ̀n tí ó ń yọ sí àwọn ọkùnrin lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kì í ṣe irorẹ́. Irun tí a gé mọ́lẹ̀ jù ni ó ń padà gún awọ. Ẹ sọ fún onígbàjámọ̀ yín pé kí ó má gé e kan awọ, kí ó sì fọ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Kókó wẹ́wẹ́ tí ó dọ́gba, tí ó sì ń yún gan-an ní iwájú orí, àyà tàbí ẹ̀yìn lè jẹ́ ti olú inú ihò irun. Oògùn irorẹ́ kì í wò ó, oògùn apakòkòrò sì lè mú un le sí i.

Kókó tí ó tò sí etí irun orí lè jẹ́ ti òróró irun. Láti 1970 ni àwọn oníṣègùn awọ ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Bí a bá jẹ́ kí àdí, òrí tàbí ìpara irun jìnnà sí iwájú orí, ó sábà máa ń lọ.

Bí kókó bá yọ pẹ̀lú ibà, orí fífọ́ àti kókó ọrùn tàbí abẹ́ tí ó wú, tí ó sì kan àtẹ́lẹwọ́ tàbí ojú ara, ó lè jẹ́ àrùn mpox, èyí tí ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2017. Ilé ìwòsàn ni kí a lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìtọ́jú nílé

Ẹ fi omi àti ọṣẹ tí ó rọ̀ fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àti lẹ́yìn tí ẹ bá làágùn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe kànìnkànìn. Ẹ má ṣe tẹ irorẹ́, ẹ má sì fún un. Títẹ̀ ẹ́ máa ń ti ọyún wọ inú lọ, òun náà ni ó sì ń sọ irorẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di àbàwọ́n ọdún kan. Ẹ máa fọ aṣọ ìrọ̀rí àti ìborùn yín déédéé. Ẹ yan ìpara tí kò ní ọ̀rá púpọ̀.

Fún irorẹ́ tí ó fúyẹ́, ẹ lè bi apoògùn léèrè nípa benzoyl peroxide. Èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2.5 sí 5 nínú 100 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ṣí àwọ̀ aṣọ, nítorí náà ẹ ṣọ́ra fún aṣọ oyè! Adapalene náà dára; alaalẹ́ ni a ń lò ó, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan sì tó fún gbogbo ojú. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó.

Oògùn wọ̀nyí kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ìyàtọ̀ tó hàn dáadáa, ojú sì lè gbẹ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ ìpara lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè mọ èyí tí ì bá wò ó. Sùúrù ni baba ìwà. Òun náà sì ni ìdajì ìtọ́jú irorẹ́.

Ìgbà tí ó yẹ kí a lọ rí dókítà

Ẹ lọ bí irorẹ́ bá jinlẹ̀ tí ó sì ń dunni, bí àpá bá ti ń hàn, bí ìtọ́jú oṣù mẹ́ta kò bá so èso, tàbí bí ọmọ bá ń fi ara pamọ́ tí inú rẹ̀ kì í dùn mọ́ nítorí ojú rẹ̀. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an bí ibà tàbí ríro oríkèé bá bá irorẹ́ wá, tàbí bí ẹ̀gbẹ́ imú, ètè òkè tàbí ìpéǹpéjú bá ń wú kíákíá.

Dókítà lè kọ doxycycline tàbí oògùn mìíràn, kì í sì í sábà ju oṣù mẹ́ta lọ. Ríra ampicillin mélòó kan ní ìsọ̀ kì í ṣe ìtọ́jú irorẹ́; ṣe ni ó ń kọ́ kòkòrò bí a ṣe ń dènà oògùn. Fún irorẹ́ tí ó le jù ni isotretinoin wà. Ó lágbára, ó sì ń ba ọmọ inú oyún jẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ lò ó láìsí lábẹ́ ojú dókítà.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ sí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó-Èkìtì, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì.

Sí àwọn òbí àti olùkọ́

Ẹ má ṣe fi irorẹ́ ọmọ ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi pe é ní orúkọ ìnagijẹ. Ọmọ tí a fi ṣẹ̀sín nílé ni ó ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra ìpara láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń fi pa ojú, ẹ sì jọ ka ara páálí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí orúkọ èròjà kankan kà níbẹ̀, ẹ gbé e kúrò nílé, kí ẹ sì mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn.